Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: Tọ́bò Tó Há Kò Tíì Kú

Ọkọ̀ ni ẹ̀kọ́ wa dá lé lórí lóṣù yìí, nítorí ọkọ̀ ni ẹsẹ̀ òwò wa. Iṣu, gààrí àti epo pupa tí à ń kó láti Ọ̀sí àti Ìlọfà lọ sí Òmù-Àrán àti Ìlọrin kì í dá rìn. Púpọ̀ nínú píkọ́ọ̀pù àti bọ́ọ̀sì tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì lóde òní ló ní tọ́bò. Bí tọ́bò bá dá wàhálà sílẹ̀, owó ńlá ni, ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ sì ni ọ̀pọ̀ wa ti ń wá owó náà yá. Ká tó tọrùn bọ gbèsè, ẹ jẹ́ ká kọ́ bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Kí ni tọ́bò ń ṣe?

Alfred Büchi, ẹnjiníà ọmọ ilẹ̀ Siwisi, ló gba ìwé-àṣẹ lórí ọgbọ́n yìí ní 1905. Èéfín gbígbóná tó ń jáde nínú ẹ́ńjìnnì ń yí fáànù kan. Fáànù kejì wà lórí ọ̀pá kan náà, òun ló ń ti afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀, dísẹ́ẹ̀lì a jó dáadáa, agbára a sì pọ̀. Ọ̀pá yẹn lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan ṣoṣo!

Nínú ọ̀pọ̀ tọ́bò ìgbàlódé, ewé irin kéékèèké yí fáànù èéfín ká. Ẹ wo ẹni tó ń fi họ́ọ̀sì bomi rin ọgbà: bó bá fi ìka dí ẹnu họ́ọ̀sì díẹ̀, omi a tú jáde pẹ̀lú agbára. Iṣẹ́ àwọn ewé náà nìyẹn. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí jẹ́jẹ́, wọ́n a pa dé díẹ̀. Bó bá ń sáré, wọ́n a ṣí.

Kí ló ń mú wọn há?

Èéfín dísẹ́ẹ̀lì ní dúdú, irú èyí tó ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò. Ọkọ̀ tí kì í rìn jìnnà, tó ń dúró lọ́jà láì pa ẹ́ńjìnnì, tí wọn kì í pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ lásìkò, dúdú náà a dì mọ́ ìdí àwọn ewé. Ọkọ̀ tí a gbé kalẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ìpẹtà lè mú un pẹ̀lú.

Àmì rẹ̀

Bí ewé bá há níbi tó ti pa dé, ọkọ̀ á kọ́kọ́ fà dáadáa. Àmọ́ bó bá ń fi eré gun òkè, iná ẹ́ńjìnnì á tàn, agbára á já lójijì. Ẹ pa á, ẹ tún un ṣí, ara rẹ̀ á yá títí di òkè mìíràn. Bó bá há níbi tó ti ṣí, ọkọ̀ á wúwo láti ìbẹ̀rẹ̀, á tu èéfín dúdú, ó di ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá sáré dáadáa kó tó jí.

Àyẹ̀wò márùn-ún

1. Ẹ wo fítà afẹ́fẹ́ àti fítà dísẹ́ẹ̀lì. Bí wọ́n bá ti dí, àmì kan náà ni ẹ máa rí.

2. Ẹ wo họ́ọ̀sì ńlá tó ń gbé afẹ́fẹ́ láti tọ́bò lọ sí ẹ́ńjìnnì, àti àwọn họ́ọ̀sì tín-ín-rín. Ṣé ó ti ya? Ṣé kílíìpù rẹ̀ ti dẹ̀?

3. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà yẹ̀ ẹ́ wò. P0299 ń sọ pé afẹ́fẹ́ kéré jù; P0234 ní ó pọ̀ jù. Kò sí èyí tó sọ pé tọ́bò ti kú nínú méjèèjì o!

4. Ẹ wo ọ̀pá tó ń yí àwọn ewé. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń lo agolo tó ń fi fífa afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́, bí ẹnì kan bá ṣí ẹ́ńjìnnì, ọ̀pá á sún. Bó bá pa á, á padà. Bí kò bá sún, ó lè jẹ́ agolo tàbí họ́ọ̀sì rẹ̀ ló bàjẹ́.

5. Kí ẹ́ńjìnnì kú, kó sì tutù. Kí mẹkáníìkì tú ọ̀pá náà kúrò lára apá tọ́bò, kó fi ìka mi apá náà. Bó bá ń yọ̀ geere láti ìkángun dé ìkángun, ewé kò há. Bó bá ń ha gìrìgìrì, tàbí tó dúró lágbedeméjì, ó há nìyẹn. Èyí tó bá ń lo mótò oníná, ẹ má fi agbára mú un. Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ni ká fi mi í.

Bó bá há ńkọ́?

A lè sọ ọ́ kalẹ̀, ká tú u, ká fọ dúdú náà kúrò. Kí wọ́n má ṣe lù ú, kí wọ́n má sì yí ìdè kékeré tó ń dá apá náà dúró. Iye tí wọ́n fi sí i nílé iṣẹ́ ni kó wà. Bí wọ́n bá tú u tí fáànù ń ha ara ògiri rẹ̀, tàbí tí ọ̀pá rẹ̀ ń mì tìtì, ó ti jẹ nìyẹn, rírà ti tọ́.

Ẹni tó bá fara balẹ̀ pa èèrà, á rí ìfun rẹ̀. Ẹni tó sáré yáwó ra tọ́bò tòkunbọ̀, tó wá jẹ́ pé họ́ọ̀sì ló ya, gbèsè á wà lọ́rùn rẹ̀, ọkọ̀ náà kò sì ní gun òkè. Tòkunbọ̀ ọ̀hún gan-an lè ti há kí wọ́n tó tà á. Nítorí náà, àbá wa ni pé kí ẹni tó bá fẹ́ yá owó tọ́bò mú èsì àyẹ̀wò márààrún wá.

Ìtọ́jú

Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò, kó sì jẹ́ irú tí ìwé ọkọ̀ sọ. Bí ẹ bá gun òkè pẹ̀lú ẹrù, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì mí fún ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó pa á. Ẹ má jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ lásán lọ́jà. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bí ara ọkọ̀ bá ti móoru, ẹ jẹ́ kó fi jíà kékeré ṣiṣẹ́ gidi lójú ọ̀nà tó dán, láìsáré àsápajúdé.

Ìbéèrè fún ìpàdé

1. Kí ló yàtọ̀ nínú àmì ewé tó há níbi tó ti pa dé àti èyí tó há níbi tó ti ṣí?
2. Àyẹ̀wò wo ni kò ná wa ní kọ́bọ̀?
3. Ṣé ká sọ àbá wa lórí owó tọ́bò di òfin ẹgbẹ́?