ÀWỌN ỌMỌ TÍ A KÒ KÀ KÚN

Ẹ̀kọ́ fún Àkókò Kérésìmesì

Bíbélì kíkà: Lúùkù 2:1-20, Mátíù 2:1-12
Ẹsẹ àkọ́sórí: Máàkù 10:14
Ète ẹ̀kọ́: Kí a lè mọ̀ pé ti ẹni tí a kò kà kún ni ìròyìn ìbí Jésù, kí a sì yẹ ara wa wò lórí ọ̀nà tí a ń gbà yan àwọn ọmọ fún eré Kérésìmesì.

ÌFÁÁRÀ

Ní àsìkò yìí, ọ̀pọ̀ ìdílé a máa jókòó pọ̀ wo fíìmù Kérésìmesì. Ọ̀kan nínú wọn ni a ó fi ṣe ẹ̀kọ́ lónìí, nítorí pé inú ìjọ ni ìtàn rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, àwa ìyá ìjọ gan-an ni ó sì bá wí. Orúkọ rẹ̀ ni The Best Christmas Pageant Ever. Barbara Robinson, ará Amẹ́ríkà, ni ó kọ ìtàn náà fún àwọn ọmọdé. Ìwé náà jáde ní ọdún 1972, wọ́n fi ṣe fíìmù fún tẹlifíṣọ̀n ní 1983, Dallas Jenkins sì tún ṣe tuntun ní 2024.

ÌTÀN NÁÀ NÍ ṢÓKÍ

Ọmọ mẹ́fà kan wà ní ìlú kékeré kan, àwọn ọmọ Herdman. Wọ́n ń jalè, wọ́n ń purọ́, wọ́n ń mu sìgá, wọ́n sì ń lu ọmọ ọlọ́mọ. Bàbá wọn ti fi ilé sílẹ̀, kò padà mọ́. Ìyá wọn ń ṣe ṣíìfù méjì pọ̀ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe bàtà, kò sì sí ẹni tí ń mójú tó wọn nílé.

Wọ́n gbọ́ pé oúnjẹ wà ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, ni wọ́n bá wá. Ní àkókò yẹn gan-an, ìyá tí ó máa ń darí eré ìbí Jésù kán lẹ́sẹ̀, Ìyáàfin Grace Bradley sì gba iṣẹ́ náà. Àwọn ọmọ Herdman gba gbogbo ipò pàtàkì. Imogene di Màríà, Ralph di Jósẹ́fù, àwọn ọkùnrin mẹ́ta yòókù di amòye, Gladys àbíkẹ́yìn sì di áńgẹ́lì. Ọmọbìnrin tí ó máa ń ṣe Màríà lọ́dọọdún kò lè sọ̀rọ̀, nítorí Imogene ti halẹ̀ mọ́ ọn. Inú bí àwọn ìyá ìjọ, wọ́n fi ẹjọ́ sun òjíṣẹ́ Ọlọ́run wọn. Ohun tí Jésù wí nípa àwọn ọmọdé ni ó fi dá wọn lóhùn, èyí tí ó wà nínú ẹsẹ àkọ́sórí wa.

1. WỌN KÒ GBỌ́ Ọ RÍ

Nígbà tí Ìyáàfin Bradley ka ìtàn ìbí Jésù, ó rí i pé àwọn ọmọ náà kò gbọ́ ọ rí. Ó yà wọ́n lẹ́nu pé aboyún dé ilé èrò, wọn kò sì rí yàrá fún un. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tí wọ́n fi Hẹ́rọ́dù ṣe fún ìwà ìkà rẹ̀, inú sì bí wọn pé kò jẹ ìyà. Àwọn ọmọ ìjọ tí ó ti mọ ìtàn náà sórí kò béèrè ohunkóhun. Ẹni tí ó bá ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ọmọ tí ń bi ìbéèrè ni aláìgbọ́ràn. Nígbà mìíràn, òun nìkan ni ó ń fetí sílẹ̀ ní kíláàsì.

2. MÀRÍÀ TÍ KÒ RÍ IBI WỌ̀ SÍ

Ní alẹ́ eré náà, Imogene àti Ralph wọlé bí ẹni tí ogun lé kúrò nílé, tí kò mọ ibi tí yóò yà sí. Bí ó ti rí fún Màríà àti Jósẹ́fù gan-an ni. Àlejò ni wọ́n ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, ibùjẹ ẹran ni wọ́n sì tẹ́ ọmọ sí. Imogene gbé ọmọ náà lé èjìká, ó ń gbá a lẹ́yìn kí ó lè gùnfẹ̀. Àwọn kan rí i bí ìwà àìlọ́wọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá wo nínú wa ni kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ rí? Ọmọ ènìyàn ni Jésù jẹ́ ní ọwọ́ ìyá rẹ̀. Kí eré tó parí, omijé ti bo ojú Imogene.

3. WỌ́N FÚN NI NÍNÚ OHUN TÍ A FÚN WỌN

Dípò ẹ̀bùn tí a pèsè fún àwọn amòye, itan ẹlẹ́dẹ̀ ńlá kan ni wọ́n gbé wá síwájú Jésù. Inú agbọ̀n oúnjẹ tí ìjọ fi ta wọ́n lọ́rẹ ni ó ti wá, rìbọ́n Kérésìmesì ṣì wà lára rẹ̀. Nígbà tí a ní kí wọ́n gbé e padà, wọ́n kọ̀. Ẹ rántí opó inú Máàkù 12:41-44. Àwa a máa pín ìrẹsì àti òróró fún aláìní lọ́dún, a ó sì rò pé iṣẹ́ tán. A kì í rántí pé òun náà fẹ́ fi nǹkan fún Ọlọ́run. Ẹni tí a ń fún ní nǹkan nígbà gbogbo, tí a kò gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ rí, a kò tíì kà á sí ará ilé.

4. Ọ̀RỌ̀ FÚN ẸGBẸ́ WA

Ní 1739, John Wesley jáde lọ wàásù ní ìta gbangba fún àwọn awakùsà ní Kingswood, nítòsí Bristol. Àárín àwọn tí ẹnikẹ́ni kò retí ní ṣọ́ọ̀ṣì ni Mẹ́tọ́díìsì ti gbèrú. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa pé: ta ni a máa ń mú fún eré Kérésìmesì? Ṣé ọmọ tí ìyá rẹ̀ lè ra aṣọ funfun olówó ńlá nìkan ni? Ọmọ tí ń kiri omi ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́?

Ẹnìkan lè sọ pé, "Wọn yóò ba eré jẹ́, wọn yóò kọ́ ọmọ wa ní ìwàkiwà." Òtítọ́ ni pé ọmọ aláìgbọ́ràn a máa dani láàmú, a kò sì ní kí a má bá a wí. Àwọn baba wa ní bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, kí a fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Kì í sì í ṣe pé àwọn ọmọ Herdman di ẹni mímọ́ lọ́jọ́ kan. Nínú ìwé tí Robinson kọ tẹ̀lé e ní 1994, ìjàngbọ̀n wọn ṣì ń bẹ. Kò yẹ kí a fi àtúnṣe ìwà ṣe owó ìwọlé sí ilé Ọlọ́run.

Lọ́dún yìí, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi ó kéré tán ipò méjì sílẹ̀ fún ọmọ tí kò wá láti ilé ọmọ ìjọ. Kí àpò ẹgbẹ́ ra aṣọ eré wọn. Kí oúnjẹ wà ní ọjọ́ ìdánrawò. Kí ẹni méjì sì bẹ ìyá ọmọ náà wò, kì í ṣe láti fi ẹjọ́ ọmọ sùn ún, bí kò ṣe láti kí i.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Irú ọmọ wo ni inú wa kì í dùn láti rí ní ìjọ wa? Kí ni ìdí rẹ̀?
2. Kí ni ìtàn ìbí Jésù inú Lúùkù 2 tí a ti mọ̀ jù tí kò fi yà wá lẹ́nu mọ́?
3. Ọ̀nà wo ni a lè gbà kí ẹni tí a ń ràn lọ́wọ́ náà lè mú ọrẹ wá?

ÀDÚRÀ

Olúwa, ìwọ tí kò rí àyè ní ilé èrò, má jẹ́ kí a dí ọ̀nà mọ́ ọmọ kankan ní ilé rẹ. Fún wa ní sùúrù láti kọ́ wọn, àti ìrẹ̀lẹ̀ láti kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ wọn. Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.