Ta Ni Ó Ṣe Àwọn Orí Idẹ Ifẹ̀?

Ní Oníkán, ní erékùṣù Èkó, ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan wà tí a ṣí ní ọdún 1957. Níbẹ̀ ni a kó iṣẹ́ ọnà Ifẹ̀, ti Ìbíní àti ti Nok sí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá dúró níwájú iṣẹ́ Ifẹ̀ yóò rí i pé ẹni tí ó ṣe é mọ ojú ènìyàn dáradára. Ta wá ni ẹni náà?

Ní ọdún 1910, ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan, Leo Frobenius, dé Ilé-Ifẹ̀. Ó rí orí idẹ kan tí a ń pè ní orí Olókun, ó sì rí orí amọ̀ pẹ̀lú. Ẹwà wọn yà á lẹ́nu. Títí dé ibẹ̀, ẹ̀rí rẹ̀ ṣe é gbà, nítorí ohun tí ó fojú rí ni ó ń sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kọ ìwé, ó ní ènìyàn dúdú kò lè dá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe. Pé àwọn ará Atlantis ni ó mú un wá, àti pé Poseidon, òrìṣà òkun àwọn Gíríìkì, ni Yorùbá ń pè ní Olókun. Atlantis yìí ni erékùṣù tí Plato, amòye Gíríìkì, kọ pé òkun gbé mì. Kò sí ẹni tí ó rí i rí.

Níhìn-ín ni kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ìka rẹ̀ lé ojú ìwé náà. Ohun tí Frobenius rí ti parí. Èrò rẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀. Pé ènìyàn dúdú kò lè ṣe é, kò rí èyí ní Ifẹ̀. Láti ilé ni ó ti gbé e wá.

Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ sì sọ̀rọ̀. Ní ọdún 1938, bí a ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, a bá orí idẹ tí ó ju mẹ́wàá lọ. Ní ọdún 1957 a tún rí ère idẹ ní Ìta Yemòó. Orí amọ̀ tí ó jọ wọ́n wà káàkiri ìlú náà, èyí tí ó fi hàn pé kì í ṣe ẹrù tí àlejò kan gbé wọlé. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ṣírò ọjọ́ orí wọn sí nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kejìlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún, ó ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ lẹ́yìn ikú Plato.

Síbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kàn kọ ọ́ pé, "Yorùbá ni ó ṣe é, nítorí Yorùbá gbọ́n," ti ṣe àṣìṣe Frobenius gan-an: láti ilé ni òun náà ti gbé e wá. Ẹ̀rí kan sì wà tí kò ní dùn mọ́ ọn. Àwọn onímọ̀ gbà pé òwò ni ó gbé púpọ̀ nínú bàbà tí a lò wá láti ọ̀nà jíjìn, àní láti òdì kejì aṣálẹ̀ Sàhárà. Kí ó má ṣe fi èyí pamọ́. Kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì wò ó bóyá ó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ Ifẹ̀. Àwọn aránṣọ Ìsàlẹ̀ Èkó ń fi aṣọ tí ó ti òkè òkun wá rán agbádá, kò sì sí ẹni tí ó ń sọ pé Òyìnbó ni ó rán an.