Ara Jẹ́ Àmánà: Ẹ̀kọ́ Lórí Eré-Ìje Ọ̀nà Jíjìn

Bàbá kan kọ̀wé sí wa nípa ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ náà sọ fún un lórí fóònù pé òun fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún ìdíje kan tí wọ́n ti ń lúwẹ̀ẹ́, tí wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́, tí wọ́n sì tún ń sáré, ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Bàbá wá béèrè pé: “Ṣé kì í ṣe pé ọmọ mi fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀? Ṣé kí n kọ̀ fún un ni, àbí kí n máa ṣe àdúà fún un?”

Ìbéèrè gidi ni. Ara tí Ọlọ́hun fún wa, àmánà ni. Ẹni tó bá jókòó sójú kan títí ẹ̀jẹ̀ ríru fi wọlé sí i lára kò tọ́jú àmánà náà; ẹni tó bá sì ti ara rẹ̀ sínú ohun tí kò múra sílẹ̀ fún, òun náà kò tọ́jú rẹ̀. Kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí ìdíje náà jẹ́.

Irú ìdíje wo ni?

Triathlon ni wọ́n ń pè é. Ó ní kékeré, ó ní ńlá. Èyí tí ọmọ náà ń wò ni wọ́n ń pè ní Ironman: lílúwẹ̀ẹ́ kìlómítà 3.8, gígun kẹ̀kẹ́ kìlómítà 180, àti eré sísá kìlómítà 42.2. Ti kẹ̀kẹ́ nìkan ju ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn lọ. Ní ọ̀pọ̀ ibi, nǹkan bíi wákàtí 17 ni wọ́n fún olùdíje láti parí gbogbo rẹ̀.

Erékùṣù Oahu ní Hawaii ló ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 1978. Ọ̀gá kan nínú àwọn ológun ojú omi Amẹ́ríkà, John Collins, àti ìyàwó rẹ̀ Judy, ni wọ́n gbèrò láti da ìdíje mẹ́ta tó wà ní erékùṣù náà pọ̀ di ọ̀kan. Ènìyàn 15 ló bẹ̀rẹ̀, 12 ló parí. Gordon Haller ló gba ipò kìíní. John Dunbar, tó ṣe ìkejì, ni ó wà níwájú nígbà tí eré sísá bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n omi tán lọ́wọ́ àwọn tó ń ràn án lọ́wọ́, ni wọ́n bá fún un ní ọtí bíà. Ẹ̀yin náà mọ ibi tí irú rẹ̀ máa ń parí sí. Ológun tó lágbára ni Dunbar. Kì í ṣe agbára ni kò ní. Ètò omi ni kò tó. Ẹ̀kọ́ wa òní wà níbẹ̀: ìmúra ló ń gbé ènìyàn dé òpin, kì í ṣe ìgboyà nìkan.

Díẹ̀díẹ̀ ni ara ń gbà

Ọkàn, iṣan àti eegun máa ń lágbára sí i bí a bá fi iṣẹ́ díẹ̀ kún èyí tó ti mọ́ wọn lára, tí a sì fún wọn ní ìsinmi. Ìgbà ìsinmi gan-an ni ara ń tún ara rẹ̀ ṣe. Èémí máa ń tètè gùn, ṣùgbọ́n eegun kì í yára bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá fi ìwàǹwára kún eré rẹ̀ fi máa ń di ẹni tó ń tiro.

Ẹni tó ti ń ṣe eré ìmárale tẹ́lẹ̀ yóò nílò bí oṣù mẹ́fà sí ọdún kan. Ẹni tí kò ṣe é rí, kí ó kọ́kọ́ ṣe ìdíje tó kúrú. Kí ó ní ọjọ́ ìsinmi lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ó máa sùn dáadáa, kí ó sì dín iṣẹ́ kù ní bí ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ ìdíje.

Ẹ gbọ́ ìtàn Chris Nikic, ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n bí pẹ̀lú Down syndrome. Òun àti bàbá rẹ̀ fi ìlànà kan lélẹ̀: kí òní fi ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún dára ju àná lọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 21, ó parí Ironman ní Florida láàárín wákàtí 16 àti ìṣẹ́jú 46. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó ní Down syndrome tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀sìn wa náà kọ́ wa pé iṣẹ́ rere tí a ń ṣe láìdáwọ́ dúró, bó tilẹ̀ kéré, ni Ọlọ́hun nífẹ̀ẹ́ sí jù.

Omi, iyọ̀ àti oúnjẹ

Àìmu omi léwu, àmuju omi náà léwu. Bí omi bá pọ̀ jù lára, ó máa ń sọ iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ di yẹpẹrẹ, ọpọlọ a sì bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Nínú asáré 488 tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò níbi eré Boston ní ọdún 2002, ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún ni iyọ̀ ẹ̀jẹ̀ wọn ti lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ. Nítorí náà, kí ènìyàn mu omi bí òùngbẹ bá ṣe ń gbẹ ẹ́. Orí fífọ́, èébì àti ìdàrúdàpọ̀ ọ̀rọ̀ jẹ́ àmì ewu. Ẹni tí ara rẹ̀ gbóná janjan tó sì ń sọ ìsọkúsọ, ẹ tètè da omi tútù sí i lára, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Oúnjẹ tí ara kó pamọ́ kì í tó fún eré líle tó ju bíi wákàtí méjì lọ. Ní ọdún 1982, akẹ́kọ̀ọ́ kan, Julie Moss, ló wà níwájú àwọn obìnrin ní Hawaii, àfi bí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣe gbé e mọ́ nígbà tó kù díẹ̀. Ó rákò dé òpin, ẹlòmíràn sì ti kọjá lára rẹ̀. Dàbínù, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti búrẹ́dì dára lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n kí ó ti dán wọn wò nígbà ìgbáradì.

Àwọn tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí dókítà

Inú omi ni ọ̀pọ̀ jùlọ àwọn tó kú lójijì nínú ìdíje yìí ní Amẹ́ríkà ti pàdé ikú, ọkùnrin ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ẹni tí àyà ń dùn, tí òòyì ń kọ́, tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ, tàbí tí ẹbí rẹ̀ kan ti kú ikú òjijì ní kékeré, kí ó yẹ ọkàn rẹ̀ wò. Kí ẹnikẹ́ni má sì dá lúwẹ̀ẹ́.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ kàn wá gan-an. Ẹni tó jẹ́ SS kò gbọ́dọ̀ dán an wò láìsí àṣẹ dókítà. Ẹni tó jẹ́ AS lè ṣe eré ìmárale, ṣùgbọ́n iṣẹ́ òjijì tó le jù, pàápàá nínú ooru, ti dá àwọn kan wó lulẹ̀. Kí ó lọ díẹ̀díẹ̀, kí ó sì dúró bí iṣan bá ń dùn ún. Bí ìtọ̀ bá dúdú bíi kóòkì lẹ́yìn eré, ilé ìwòsàn ni kí ó gbà lọ. Kí ó má ṣe fi ìbúprófẹ̀ẹ̀nì gbé ara rẹ̀ lójú eré, nítorí ó lè ba kíndìnrín jẹ́.

Ìmọ́tótó àti ìjọsìn

Aṣọ tó ti gba òógùn kì í ṣe èyí tí à ń wọ̀ lẹ́ẹ̀kejì láìfọ̀. Kí ó fi òrí tàbí Vaseline pa abíyá àti itan kí wọ́n má bàa bó. Kí ó nu àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ gbẹ, kí ó sì máa fọ ike omi rẹ̀ lójoojúmọ́ pẹ̀lú ọṣẹ.

Àsìkò ìrun yóò wọlé nígbà tí ìdíje ń lọ. Olùdíje lè dúró, kí ó kírun, kí ó sì tẹ̀ síwájú. Ìṣẹ́jú díẹ̀ nínú wákàtí 17 kò pọ̀. Ní Ramadan, kí ó dín ìgbáradì kù, kí èyí tó bá le di ẹ̀yìn ìṣínu.

Bàbá, ìdáhùn wa nìyí. Ẹ má tíì kọ̀, ẹ má sì tíì gbà. Ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́rin: Ìgbà wo lo bẹ̀rẹ̀ ìgbáradì? Dókítà wo ló yẹ̀ ọ́ wò? Ta ni ẹ jọ ń lúwẹ̀ẹ́? Bí ara bá ní kí o dúró, ṣé wàá dúró? Bí ó bá dáhùn ọ̀kan-ò-jọ̀kan wọn dáadáa, ẹ ṣe àdúà fún un. Bí kò bá rí ìdáhùn sí èyí tó gbẹ̀yìn, ẹ sọ fún un pé kí ó sún un di ọdún tó ń bọ̀. Ìdíje yóò tún wáyé. Ọmọ kò ní ààrọ̀.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní àlàáfíà ara àti ọgbọ́n láti tọ́jú rẹ̀. Āmīn.