Fọ̀ Ọ́, Fọ́ Ọ, Tàbí Ṣan?

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà Ìjú ní Agége ni mo ti rí pátákó náà. Ẹnì kan fi ọ̀dà funfun kọ ọ́ gàdàgbà: A NFO REDIETO NIBI. Kò sí àmì ohùn, kò sí àmì abẹ́ lẹ́tà. Mo dúró, mo ń rò ó: ṣé wọ́n ń fọ rẹdíétọ̀ níbí ni, àbí wọ́n ń fọ́ ọ? Mẹkáníìkì tó jókòó sórí táyà dìde.

"Ọ̀gá, ẹ kú ọ̀sán o. Kí ló ń ṣe mọ́tò yín?"

Mo ní mọ́tò mi le koko, pátákó wọn ló ń ṣàìsàn. Ó rẹ́rìn-ín.

Fọ̀ tí a ń fọ nǹkan kí ó mọ́, ohùn ìsàlẹ̀ ló ní. Bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀lé e, ohùn náà á gòkè díẹ̀, á di ti àárín: fọ aṣọ, fọ abọ́. Bó bá jẹ́ arọ́pò-orúkọ ló tẹ̀lé e, ó padà sí ìsàlẹ̀: fọ̀ ọ́. Fọ́ ní tirẹ̀ kì í yẹsẹ̀: fọ́ abọ́, fọ́ ọ. Ẹni tó bá fi fóònù kọ "fo o" ránṣẹ́ sí mẹkáníìkì rẹ̀ láìfi àmì sí i, kó yáa pè é.

Síbẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ fi gbogbo àmì sí pátákó yẹn, fọ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ tó bá iṣẹ́ náà mu. Ẹ wo ẹnu. Ẹni tó fi orín tàbí búrọ́ọ̀ṣì ha eyín ń fọ ẹnu. Ẹni tó bu omi sẹ́nu, tó yí i kiri, tó tu ú dànù, ẹnu ló ń ṣan. Ohun tí mẹkáníìkì náà ń ṣe sí rẹdíétọ̀ gan-an nìyẹn. Ó ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá, á tú ìdí rẹdíétọ̀, á ro omi àtijọ́ sínú abọ́, á dí i padà, á rọ omi tó mọ́ sí i, á tan ẹ́ńjìnnì kí omi náà lè yí gbogbo inú rẹ̀ ká, á pa á kó tutù, á tún dà á nù. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe títí omi tó ń jáde á fi mọ́ gaara. Ìta, níbi tí eruku àti kòkòrò há sí, la ń fọ̀.

Oníbàárà kan dé lójú mi. Ó ní omi mọ́tò òun kì í pẹ́ tán. Mẹkáníìkì náà bi í pé, "Ṣé ó ń jò ni, àbí ó ń mu ún?" Inú mi dùn. Ọ̀rọ̀ méjì péré, ó ti ya àìsàn méjì sọ́tọ̀. Bó bá ń jò, ilẹ̀ á tutù: hóòsì tàbí rẹdíétọ̀ ti lu. Bó bá ń mu ún, ilẹ̀ gbẹ, àmọ́ èéfín funfun ń tú ní sàlẹ́ńsà, torí gásíkẹ́ẹ̀tì ti jẹ, omi sì ń wọ ibi tí epo ti ń jó. Ẹni tó bá gbé ohùn jò sókè, tó ní mọ́tò òun ń jó, yanrìn ni wọn ó bù wá bá a.

Ẹ kíyè sí gbóná àti hó pẹ̀lú. Omi inú rẹdíétọ̀ tí a dé pinpin lè gbóná ju omi tó ń hó lórí iná lọ, kó má sì hó. Ìgbà tí ẹ bá ṣí ìdérí ni yóò hó lẹ́ẹ̀kan náà, tí yóò ta síni lójú.

Òwe wa ní omi kò lọ́tàá. Fẹlá fi ṣe orin ní 1975. Ẹ́ńjìnnì kò gbọ́ òwe yẹn. Èròjà inú omi kànga ń lẹ̀ mọ́ irin, irin a sì dógùn-ún. Ọkọ̀ tòkunbọ̀, ìyẹn èyí tó ti òkun bọ̀, sábà máa ń bá kúláǹtì, èròjà tí a ń pò mọ́ omi rẹdíétọ̀, dé. Lọ́hùn-ún, kí omi má baà di yìnyín ni wọ́n ṣe ń lò ó. Àwọn kan wá ní kò wúlò ní Agége, wọ́n ń rọ píọ́ wọ́tà sí i nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Bẹ́ẹ̀, bí a bá pò ó mọ́ omi ní ìdajì-ìdajì, ó di nǹkan bí ìwọ̀n 106 kó tó hó, dípò 100, kì í sì í jẹ́ kí irin tètè dógùn-ún.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ má kàn sọ pé "ẹ fún mi ní pupa". Pupa wa gbòòrò: ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀, epo wà nínú rẹ̀, ọsàn tó pọ́n náà wà nínú rẹ̀. Kúláǹtì pupa fòò àti pupa rúsúrúsú lè má jẹ́ irú kan náà, bí a bá sì pa wọ́n pọ̀, wọ́n lè dì. Ìwé ọkọ̀ yín ni kí ẹ tẹ̀lé. Ẹni tó bá sì bu omi kún omi àná kò tíì pààrọ̀ nǹkan kan, ó kàn bù kún un ni.

Kúláǹtì tí ẹ bá rò dànù, ẹ má dà á sí gọ́tà. Ó dùn lẹ́nu, májèlé sì ni. Ajá àti ewúrẹ́ àdúgbò lè lá a.

Ní ti pátákó ọ̀nà Ìjú, ohun tó yẹ kí wọ́n kọ ni: A ń ṣan rẹdíétọ̀ níbí.