Ilé Là Ń Wò Ká Tó Ra Mọ́tò

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àwọn àgbà tó pa òwe yìí kò rí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rí, àmọ́ nígbà tí ọkọ̀ dé, òwe wọn la fi sọ ọ́ lórúkọ. Ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun, tí ìyá rẹ̀ gbé bọ̀ wálé, Tọ́kunbọ̀ là ń pè é. Nígbà tí mọ́tò tí òyìnbó ti lò rí bẹ̀rẹ̀ sí í gba èbúté wọlé, kò sẹ́ni tó pèpàdé lórí orúkọ tó máa jẹ́. Tọ́kunbọ̀ náà ni. Orúkọ ọmọ la fún un, a kò fún un lórúkọ àlejò. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí àwọn kan ń sọ pé ẹni tó bá ra ọkọ̀ òkèèrè kò fẹ́ràn ilé. Mo ń padà bọ̀ sórí ọ̀rọ̀ wọn.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Bódìjà ra jíìpù ńlá kan lọ́dún 2022, ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́fà. Nígbà yẹn, iye tí ìjọba ní kí wọ́n máa ta lítà epo bẹntiróòlù kan kò tíì tó igba náírà. Lọ́jọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú búra sípò, ibi ìbúra náà ló sì ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, owó epo ti lé ní ìlọ́po méjì. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ó ti kan ẹgbẹ̀rún náírà. Ọ̀rẹ́ mi gbé jíìpù lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ó ní àìsàn ń ṣe é, epo tó ń mu ti kúrò ní kékeré. Mẹkáníìkì yẹ plọ́ọ̀gì wò, ó yẹ fílítà wò, ó so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń ka àṣìṣe ẹ́ńjìnnì, ó wá fi àkísà nu ọwọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ yín ò lárùn kankan. Ẹnu ló ní."

Ọ̀rọ̀ ẹnu náà ni mo fẹ́ bá ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ sọ. Ẹ̀ẹ̀kan la ń san owó ọkọ̀, ojoojúmọ́ la ń bọ́ ọ. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ọkọ̀ tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ńkọ́? Olówó rẹ̀ ni yóò tì í délé.

Ẹ mú bírò. Ẹni tó ń gbé Challenge, tó ń ṣiṣẹ́ ní Agbowó, tó ń já ọmọ sílẹ̀ nílé ìwé, tó sì ń yà sí Dùgbẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ká ní ọgbọ̀n kìlómítà ló ń rìn lóòjọ́. Ọjọ́ 25 lóṣù, kìlómítà 750 nìyẹn. Bí ọkọ̀ rẹ̀ bá ń fi lítà kan rin kìlómítà méje àtààbọ̀, bíi ti àwọn ẹlẹ́nu ńlá, ọgọ́rùn-ún lítà ni yóò mu. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ kékeré tí ara rẹ̀ dá, tó ń fi lítà kan rin mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àádọ́ta lítà péré ni. Ẹ fi ₦900 ṣe iye lítà kan: ₦45,000 ló wà láàárín àwọn méjèèjì lóṣù kan, ₦540,000 lọ́dún. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù Keje ọdún 2024, ₦70,000 ni. Ẹ wá wo iye oṣù tí òṣìṣẹ́ kan máa fi ṣiṣẹ́ kó tó lè bọ́ ẹnu tí kò ran ara rẹ̀ lọ́wọ́.

Ìbàdàn tiẹ̀ tún yàtọ̀. Ìlú wa kò tẹ́ pẹrẹsẹ: ẹ gun Mọ́kọ́lá, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ gun Òkè-Àdó. Lẹ́yìn èyí, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìwó Road àti ti ọjà Bódìjà. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì, agbára tí epo ti fún ọkọ̀ ti di ooru lára bíréèkì nìyẹn, ó ti bá afẹ́fẹ́ lọ. Kí ọkọ̀ tó tún ṣípò, epo mìíràn ló máa mu. Ọkọ̀ tó bá wúwo ló sì máa ń mu jù, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ru àpò sìmẹ́ńtì gun òkè kò ṣe lè mí bí ẹni tó fọwọ́ lásán gùn ún. Ẹni tó bá ń rin márosẹ̀ lè má mọ̀ ọ́n lára púpọ̀. Ẹni tó ń lọ Ring Road láàárọ̀ mọ̀ ọ́n.

Àwọn tó kọ́kọ́ ṣe ìṣirò yìí láàárín wa kò lọ sí yunifásítì kankan. Onítasín Ìbàdàn ni. Kò sí òfin tó ní kí wọ́n máa gun Nissan Micra, síbẹ̀ ẹ dúró ní Sango ní agogo méje àárọ̀, kí ẹ ka mẹ́wàá, kí ẹ wo iye tó jẹ́ Micra nínú wọn. Àwọn Micra roboto tó pọ̀ jù láàárín wa yìí, Sunderland ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Nissan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe wọn lọ́dún 1992. Lọ́dún 1993, àwọn oníròyìn ọkọ̀ ní Yúróòpù yàn án ní ọkọ̀ tó peregedé jù lọ fún ọdún náà, òun sì ni ọkọ̀ ilẹ̀ Japan àkọ́kọ́ tó gba oyè yẹn. Ẹ́ńjìnnì lítà kan tàbí lítà kan lé díẹ̀, ara rẹ̀ kò sì ju bíi 800 kìlógíráàmù lọ fíìfíì. Àwọn ìyá àgbà òyìnbó fi lọ ra búrẹ́dì, ó sú wọn, wọ́n tà á. Òun ló wá ń gbé Ìbàdàn látàárọ̀ ṣúlẹ̀. (Ìwà àwọn awakọ̀ rẹ̀, mi ò ní sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn lónìí.)

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àwọn tó ní ká fẹ́ràn tilé. Ti ẹni n ti ẹni, àkísà ni ti ààtàn. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rántí bọ́rọ̀ ṣe rí. Lọ́dún 1975, ilé iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Kàdúná, Volkswagen bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó. Ìbàdàn níbí náà, Leyland ń to ọkọ̀ akẹ́rù. Tísà tó bá rí owó yá lọ́wọ́ ìjọba nígbà yẹn, Ìjàpá, Volkswagen kékeré yẹn, ni ó ń rà. Ṣé nítorí pé ó fẹ́ràn Nàìjíríà ju ẹni tó ra Pijó 504 lọ? Rárá o. Ìjàpá kì í jẹun púpọ̀, kò ní rédíétọ̀ tí omi rẹ̀ máa gbẹ lójú ọ̀nà, gbogbo mẹkáníìkì ló sì mọ inú rẹ̀. Ilé rẹ̀ ni tísà wò.

Ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ara àwọn ọkọ̀ tí à ń pè ní tilé wọ̀nyẹn, inú àpótí ló ti wá láti òkèèrè. Nígbà tí SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba, dé lọ́dún 1986, tí náírà já bọ́, owó àpótí wọ̀nyẹn ga kọjá ibi tí ọwọ́ òṣìṣẹ́ lè dé. Ilé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Àlàfo yẹn ni Tọ́kunbọ̀ gbà wọlé. Lẹ́yìn náà, ìjọba gbìyànjú: ètò ọdún 2013 gbé owó tí wọ́n ń gbà lórí ọkọ̀ tuntun tó ń wọlé dé ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún, kí tilé lè rọ́wọ́ yọ. Nígbà tó di oṣù Kìíní ọdún 2017, wọ́n ní ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé mọ́, nítorí àwọn tó ń gba Kútọnu bọ̀. Síbẹ̀ Tọ́kunbọ̀ kò dáwọ́ dúró.

Innoson ní Nnewi, tí Ààrẹ Goodluck Jonathan ṣí lọ́dún 2010, ń ṣe ọkọ̀, mo sì ń yọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ojú ẹni tó ń fi owó oṣù ra ọkọ̀ kọ́ ló yẹ ká kọ́kọ́ wò. Ìjọba ìpínlẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀, ilé iṣẹ́ tó ń ra ogún ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àwọn ni ilé iṣẹ́ lè rán mẹkáníìkì àti ẹ̀yà ara ọkọ̀ sí. Ẹni tó ń fi owó gbogbo wa ra ọkọ̀ ni kó kọ́kọ́ fìfẹ́ ilé hàn. Bí ọ̀gá kan bá jókòó sínú jíìpù òkèèrè tí epo rẹ̀ ń wá látinú àpò ìjọba, kó má kọ́ tísà ní ìfẹ́ ìlú.

Àwọn ará Amẹ́ríkà gan-an, tí Detroit tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ jẹ́ ilé wọn, wo àpò wọn kí wọ́n tó ra ọkọ̀, bíi ti tísà. Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá dí epo mọ́ wọn lọ́wọ́ lọ́dún 1973, tí wọ́n ń tò nílé epo, Honda Civic àti Toyota Corolla ilẹ̀ Japan ni ọ̀pọ̀ wọn yíjú sí.

Ṣùgbọ́n òkèèrè kò túmọ̀ sí ẹnu kékeré o! Jíìpù ọ̀rẹ́ mi kì í ṣe ọmọ Nnewi. Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè bí ẹ́ńjìnnì ṣe tóbi tó, kí ẹ má wo bí ọ̀dà ara rẹ̀ ṣe ń dán. Àárọ̀ kùtù, tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, ni kí ẹ lọ wò ó. Ọ̀pọ̀ àrùn ni ooru máa ń bò mọ́lẹ̀. Ẹ mú mẹkáníìkì tiyín dání, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà á. Ẹ kọ́kọ́ dé Àràròmí ní Gate, kí ẹ béèrè iye tí wọ́n ń ta ṣọ́ọ̀kì, pọ́ọ̀ǹpù epo àti gíábọ́ọ̀sì ọkọ̀ náà. Ara rọ̀ mí lórúkọ ọjà yẹn, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹni tó tibẹ̀ bọ̀ lara ń rọ̀.

Bí ẹ bá ti rà á tán, ẹ rọ epo kún dé ẹnu, ẹ kọ iye kìlómítà tó wà lójú àgógo sílẹ̀, ẹ wà á fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ tún rọ ọ́ kún. Ẹ fi iye lítà tó wọlé pín iye kìlómítà tí ẹ rìn. Ẹ máa ṣe é lóṣooṣù. Ọjọ́ tí iye náà bá já wálẹ̀, ẹ yẹ afẹ́fẹ́ táyà àti fílítà wò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú ìjọba.

Jíìpù ọ̀rẹ́ mi ṣì wà lábẹ́ igi máńgòrò ní Bódìjà. Ọjọ́ Sátidé ló ń gbé e jáde, bí òde ìnáwó bá wà. Lọ́jọ́ iṣẹ́, Micra ló ń wọ̀ lọ sí Dùgbẹ̀, àwọn méjì ló sì máa ń há mọ́ ìjókòó iwájú.