Ẹ̀jẹ̀ Ara Wa àti Hóró Tí Ń Tẹ̀ Bí Dòjé

Bí a bá fa ẹ̀jẹ̀ ènìyàn sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́, tí a fi oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì sí i, tí a sì gbé e kalẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, yóò pín. Omi tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí koríko gbígbẹ yóò wà lókè, pupa yóò wà nísàlẹ̀. Láàárín wọn ni ipele funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà, tí ẹni tí kò fara balẹ̀ kò ní rí. Èyí ni mo fi máa ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ẹ̀jẹ̀.

Omi òkè yìí ju ìdajì ẹ̀jẹ̀ lọ, òun ni ó ń gbé oúnjẹ àti iyọ̀ kiri ara. Nínú ipele funfun ni àwọn hóró funfun wà, tí ń bá kòkòrò àrùn jà, pẹ̀lú àwọn hóró wẹ́wẹ́ tí ń dí ojú ọgbẹ́. N kò ní pẹ́ lórí wọn, nítorí hóró pupa ni ó kàn wá jù ní Accra níhìn-ín.

Inú mùdùnmúdùn egungun ni hóró pupa ti ń wá, nǹkan bí 120 ọjọ́ ni ó sì ń lò. Ó rí roboto, àárín rẹ̀ jin díẹ̀, ó sì rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń yọ́ gba inú iṣan tí ó tín-ín-rín jù. Himoglóbìn inú rẹ̀ ni ó ń gba ọ́síjìn láti inú ẹ̀dọ̀fóró lọ fún gbogbo ara.

Himoglóbìn àwọn ẹlòmíràn yàtọ̀, gẹ́gẹ́ bí Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi hàn ní 1949. Bí ó bá ti tú ọ́síjìn sílẹ̀ tán, yóò so mọ́ra wọn, hóró náà yóò le, yóò sì tẹ̀ bí dòjé. Ó ń dí ojú iṣan, egungun a máa ro aláìsàn bí ẹni pé wọ́n ń fọ́ ọ. Hóró ọ̀hún kì í sì í lò ju nǹkan bí 20 ọjọ́ lọ, ìdí nìyí tí ẹ̀jẹ̀ fi ń tán lára rẹ̀.

Ní 1910 ni dókítà kan ní Chicago kọ̀wé nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ará Gã ti ń pè é ní chwechweechwe, àwọn tí ń sọ Twi ń pè é ní ahotutuo, àwa Yorùbá sì ní fòníkú-fọ̀ladìde. Dókítà Konotey-Ahulu, tí ó ṣiṣẹ́ ní Korle Bu, tọpa rẹ̀ nínú ìdílé tirẹ̀ títí dé 1670! Lójú mi, ẹ̀rí ni èyí pé àwọn baba wa ní ojú.

Ẹni tí ó jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ òbí kan ṣoṣo, tí a ń pè ní AS, kì í sábà ṣàìsàn. Ibà ẹ̀fọn kì í tilẹ̀ tètè pa á ní kékeré. Bí AS méjì bá fẹ́ra, oyún kọ̀ọ̀kan ni ó ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti bí ọmọ SS. Ẹ má ṣe rò pé bí ọ̀kan bá ti ní i, mẹ́ta yòókù ti bọ́. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ti Nàìjíríà, Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ wá, tí ẹ ń wá àfẹ́sọ́nà láàárín ara yín, ẹ kọ́kọ́ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò.

Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wà ní kíláàsì yín, ẹ jẹ́ kí ó máa mu omi nígbàkígbà, ẹ má sì nà án nítorí pé kò lè sáré. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, ẹ má ṣe dúró de agogo ìparí ẹ̀kọ́: láàárín wákàtí díẹ̀ ni àkóràn lè gba ẹ̀mí rẹ̀.