Ohun Mẹ́rin Tí Ó Wà Nínú Àgbọn Kan

Ní Likosi, ní ìhà Ògìjó ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn, àgbọn kì í ṣe àjèjì sí ọmọdé tàbí àgbà. Wọ́n ń fi í jẹ gaàrí, wọ́n sì ń fi í jẹ àgbàdo sísè. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó bá fọ́ àgbọn, tí ó da omi rẹ̀ nù, tí ó fún un, tí ó sì kó èèrí rẹ̀ dà sí ààtàn, ti sọ apá kan owó rẹ̀ nù. Ohun mẹ́rin ni ó wà nínú àgbọn kan, iṣẹ́ wọn kò sì dọ́gba.

Èkíní ni omi. Omi tí ń dún nínú àgbọn kì í ṣe wàrà rẹ̀. Ó ṣàn, kò sì ní òróró tí ó tó nǹkan. Ó dára fún mímu ní kété tí a bá fọ́ àgbọn, ó sì dára láti fi po ìyẹ̀fun. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí oúnjẹ ki kò lè rí èyí nínú rẹ̀.

Èkejì ni wàrà. Kí a rin inú àgbọn tí ó funfun, kí a da omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i, kí a fi ọwọ́ pò ó, kí a sì fi aṣọ mímọ́ fún un. Fífún àkọ́kọ́ a máa ki, èkejì a máa ṣàn. Èyí tí ó ṣàn ni kí a fi bẹ̀rẹ̀ sí í se ìrẹsì. Nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kí ó jinná, kí a da èyí tí ó ki sí i lórí iná tí kò le, nítorí pé bí ó bá hó jù, òróró yóò ya kúrò lára omi. Wàrà yìí náà ni àwọn ọmọ Àgùdà ní Èkó ń dà sí ẹ̀wà tí wọ́n ti sè, tí wọ́n sì ti lọ̀ kúnná, tí wọ́n ń pè ní frejon, tí wọ́n fi ń jẹ ẹja ní ọjọ́ Ẹtì tí ó ṣáájú Àjíǹde. Àwọn baba ńlá wọn mú un bọ̀ láti Brazil ní nǹkan bí ọdún 1800 sí 1900.

Ẹ̀kẹta ni èèrí. Kí a sá a títí yóò fi gbẹ, kí a gún un, kí a sì kù ú. Ìyẹ̀fun yìí a máa mu omi púpọ̀, kò sì lè mú kí búrẹ́dì wú bí ìyẹ̀fun àlìkámà ti í ṣe. Nítorí náà, bí ife ìyẹ̀fun àlìkámà bá jẹ́ mẹ́ta, kí ti àgbọn má ju ẹyọ kan lọ, kí a sì fi omi díẹ̀ kún un. Àwọn tí ń yan gúrúndì ti mọ̀ tipẹ́ pé àgbọn àti ẹ̀gẹ́ bá ara wọn mu.

Ẹ̀kẹrin ni òróró. Bí wàrà bá sùn mọ́jú, ọ̀rá yóò léfòó. Kí a bù ú, kí a sì sè é títí omi rẹ̀ yóò fi gbẹ. Ó dára fún dídín àti yíyan, ṣùgbọ́n kí a lò ó níwọ̀n, nítorí pé ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀ ni ó jẹ́ irú ọ̀rá tí àwọn oníṣègùn ń kìlọ̀ pé, bí ó bá pọ̀ jù, ó lè fa àìsàn ọkàn.

Ohun kan ṣoṣo ni ó yẹ kí a dànù: àgbọn tí ó ti bàjẹ́. Kí a wo ojú mẹ́ta rẹ̀ bí ó bá ti bu. Kí a gbọ́ òórùn omi rẹ̀ kí a tó fi ẹnu kàn án. Bí ó bá kan, kí a má ṣe fi ata tàbí ṣúgà bò ó mọ́lẹ̀, nítorí pé iná kì í pa gbogbo májèlé. Ní ọdún 2021, àwọn dókítà ní Denmark ròyìn ọkùnrin kan tí ó kú lẹ́yìn tí ó mu omi àgbọn tí ó ti bàjẹ́. Wàrà náà kì í pẹ́ kan. Kí a lò ó ní ọjọ́ tí a fún un.

Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹni tí ó bá mọ ìyàtọ̀ ohun mẹ́rin yìí yóò jẹ, yóò tà, kò sì ní fi ẹ̀mí àwọn ará ilé rẹ̀ wewu.